Nọ́ọ̀tì Kan Kò Tó Pa Ọmọ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò gbà pé nọ́ọ̀tì ló pa ọmọ òun. Ká sọ tòótọ́, èmi náà kì bá tí gbà, bí kì í bá ṣe pé mo mọ nọ́ọ̀tì náà. Irin tí a fi ń dé bóòtì ni, kò tóbi ju orí àtàǹpàkò mi lọ. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ló wà nínú bàlúù tí nọ́ọ̀tì náà mú kó já, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì wà lára wọn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún ọkọ tó ti kú tipẹ́. Ìyá Kékeré ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé ojú ìyá wa ló jí gbé wá sáyé. Nọ́ọ̀sì ni. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní ìlú mìíràn, ẹ̀kọ́ náà parí ṣíwájú ọjọ́, ó bá pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì Tọ́sìdeè sí ti Túsìdeè, ó ń sáré bọ̀ wálé.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa tún bàlúù ṣe. Ní gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣe é, ẹni méjì ló ń fọwọ́ sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ á ṣe é. Ẹnì kejì á gun àkàbà, á tan tọ́ọ̀ṣì sí i, á fi ọwọ́ kàn án, kó tó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé. Èmi ni ẹnì kejì lọ́jọ́ náà. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọkùnrin kan tí a ń pè ní Afínjú. Bí Afínjú bá ṣí ìdérí ìrù bàlúù, á nu inú ibẹ̀ bí ẹni pé àlejò ń bọ̀ wá jẹun níbẹ̀. Ta ni yóò máa yẹ iṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò? Ọdún mẹ́wàá ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, n kò bá àṣìṣe kan. Orúnkún ń dùn mí, àkàbà sì ga. Mo dúró nísàlẹ̀, mo ní, “Ó ti parí?” Ó ní ó ti parí. Mo fọwọ́ sí i. Ohun tí èmi àti òun kò mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n pè é sí fóònù láàárín iṣẹ́, ó ti dé nọ́ọ̀tì náà, ṣùgbọ́n kò tíì fi píìnì tíńtín há a kó má baà tú. Nígbà tó padà, ó rò pé òun ti fi sí i. Ọjọ́ mọ́kànlá ni nọ́ọ̀tì náà fi ń tú díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀run. Lọ́jọ́ kejìlá, ó já bọ́.

Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á. Wọn ò dárúkọ wa. Òṣìṣẹ́ kìíní àti òṣìṣẹ́ kejì ni wọ́n pè wá. Afínjú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ní tèmi, ọ̀gá pè mí wọ ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ìwé kan síwájú mi pé n kò ní sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, ó sì gbé mi lọ sí yàrá táyà, níbi tí n kò ti ní gun nǹkan kan. Mo fọwọ́ sí ìyẹn náà. Ọwọ́ mi yá púpọ̀ níbi ká fọwọ́ sí nǹkan.

Koríko ni iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló ń tọ́jú koríko iwájú ilé ìwé méjì àti ti ilé ìwòsàn kan, ọdún kẹtàlélógún rèé. Ó lè wo ilẹ̀ kó sọ fún ọ pé ajá ló tọ̀ síhìn-ín, pé epo ló dà sọ́hùn-ún, pé ẹni tó gbin èyí ń kánjú lọ síbì kan. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ẹbí lọ wo ibi tí bàlúù já sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìjàǹbá, koríko tútù minimini ti bo gbogbo pápá náà. Àwọn yòókù ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, a rò pé àdúrà ni. Ó ki ìka bọ abẹ́ koríko, ó sì ṣí etí rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ ká ẹní.

“Kò ní gbòǹgbò,” ló sọ fún mi nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà. “Ibòmíì ni wọ́n ti ká a wá. Kí ni wọ́n fi ń bò?”

“Ilẹ̀ tó jóná ni, Àǹtí mi. Wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí i.”

“Ṣé o gbọ́ ohun tó o sọ? Wọn ò fẹ́ ká rí i.”

Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń gbà gbọ́ pé wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ fún òun kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣìnà lórí koríko. Wọ́n fi ń bo nǹkan lóòótọ́. Ìtìjú ni wọ́n fi ń bò, èmi náà sì wà lábẹ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí òun ń wá tóbi jù mí lọ. Ikú ńlá a máa fẹ́ apànìyàn ńlá. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé orúnkún ẹnì kan ló ń dùn ún?

Kí oṣù kejì tó pé, ó ti rí ẹgbẹ́. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń pàdé, nínú kíláàsì kan ní ilé ìwé tó ti ń gé koríko. Orí àga àwọn ọmọdé ni wọ́n ń jókòó sí, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Bàbá kan tó ń tún aago ṣe ni olórí wọn, ìyàwó rẹ̀ wà nínú bàlúù náà. Ó ní bàlúù kò já rárá. Ó ní wọ́n darí rẹ̀ lọ síbòmíràn nítorí èrò kan tó mọ àṣírí kan, wọ́n sì kó gbogbo wọn pa mọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi rọlẹ̀. Ẹ̀rí pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Iná ojú ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ pápá náà kú lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ta ló sì ní kí Ìyá Kékeré pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì? “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí,” ni bàbá náà wí, gbogbo kíláàsì sì gbè é pé, “Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ. N kò ní purọ́, ó tù mí lára. Fún odindi wákàtí méjì, kò sí nọ́ọ̀tì láyé. Wọ́n ń bu tíì fún ara wọn, wọ́n ń bi ara wọn bóyá wọ́n sùn, ẹni tó bá rántí nǹkan kan nípa ènìyàn rẹ̀, gbogbo wọn á dákẹ́ gbọ́ ọ. Ní ilé iṣẹ́ wa, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn tó kú. Ẹ tiẹ̀ wò ó, nínú méjèèjì, ibo lẹ̀yin ì bá jókòó sí?

Ní oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn ìjàǹbá ni lẹ́tà àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà dé. Wọ́n ti yẹ egungun wò, wọ́n ti mọ ti Ìyá Kékeré. Kí ìyá rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wọn, kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ọmọ òun kú nínú ìjàǹbá náà, kó gbé e lọ sin. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Fráìdeè bá lù tí kò wá, wọ́n á sin ín pọ̀ mọ́ àwọn tí kò sẹ́ni tó wá gbà, lábẹ́ koríko yẹn.

“Mi ò lọ,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ọjọ́ tí mo bá fọwọ́ sí i pé ó kú, wọ́n á ní ìyá ẹ̀ fúnra ẹ̀ ti gbà. Ta ló máa wá a mọ́?”

Mo ní àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ó ní ẹni tó pa òwe yẹn, ó ní láti jẹ́ pé ọmọ tiẹ̀ wà nílé.

N kò lè gbà á. Mo ti pa ọmọ náà. Kí n tún wá jẹ́ kí wọ́n kó o sínú kòtò pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀ rí, kí ìyá rẹ̀ máa retí rẹ̀ títí yóò fi kú? Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè mú un fọwọ́ sí i, ọwọ́ mi ló sì wà.

Ọ̀sán Wẹ́sìdeè ni mo lọ. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ti dojú ẹ̀rọ ìgékoríko dé, ó ń fi òkúta pọ́n abẹ rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì.

“Àǹtí mi, èmi ni òṣìṣẹ́ kejì.”

Kò dáwọ́ dúró. “Òṣìṣẹ́ kejì ibo?”

“Inú ìwé ìwádìí. Ẹni tó yẹ kó gun àkàbà lọ wo nọ́ọ̀tì yẹn. Èmi ni. Mi ò gùn ún. Ìsàlẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fọwọ́ sí i.”

Mo sọ ọ́ tán: orúnkún, Afínjú, fóònù, píìnì. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń tò ó nínú ọkàn, ó sì jáde geerege. Nígbà tí mo parí, ó gbé òkúta sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó wò mí bó ṣe máa ń wo ilẹ̀.

“Ta ló rán ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi.”

“Ọ̀rọ̀ yìí ti já gaara jù. Ìwọ, láti kékeré, tó o bá ba nǹkan jẹ́, wàá kọ́kọ́ sunkún, wàá ní ológbò ni. Òní lo wá ń sọ ọ́ bí ẹni ń kàwé. Tó wá ku ọjọ́ méjì kí n fọwọ́ síwèé.”

“Torí kẹ́ ẹ lè fọwọ́ sí i ni. Kẹ́ ẹ lè gbé ọmọ yín wálé.”

“Ẹ̀n-ẹ́n.” Ó mi orí. “Ṣé wọ́n fún ẹ ní ìwé kankan?”

Mo lè purọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ ni mo bá wá. “Wọ́n fún mi.”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Pé mi ò ní sọ̀rọ̀.”

“O sì ń sọ̀rọ̀ yìí. Ta ló wá yọ̀ǹda ẹ? Ṣé wọ́n lé ẹ níbi iṣẹ́?”

“Wọ́n gbé mi lọ síbi táyà.”

“Ẹni tó pa èèyàn mọ́kànlélógójì, ibi táyà ni wọ́n gbé e lọ.” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Oníbàlúù, gbọ́ ara ẹ.”

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi bá a lóòótọ́. Irọ́ fún un ní àga, ó ní kó jókòó, ó bu omi fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó fà mí mọ́ra. Òórùn koríko àti epo ẹ̀rọ ló wà lára rẹ̀. Omijé rẹ̀ kán sí mi lọ́rùn.

“Èmi ni mo pọ̀n ẹ́,” ló ń sọ. “Tí ìyá wa bá ti lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yìn mi lo máa ń wà. Mo mọ ohun tó o lè ṣe, mo mọ ohun tí o ò lè ṣe. Wọ́n ti di ẹrù wọn lé ẹ lórí. Mi ò bínú sí ẹ.”

Èpè ni mo lọ gbà. Bó bá gbá mi létí, ǹ bá dúpẹ́. Irọ́ tí n kò pa ló dárí rẹ̀ jì mí, ohun tí mo ṣe gan-an sì wà níbi tó wà. Níbi tí mo ti gbé orí lé e léjìká ni ó ti yé mi: ìyá wa ti kú, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kò sí. Bó bá gbà mí gbọ́, kò ní ku ẹnì kankan fún un láyé. Mo bínú sí i, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, n kò mọ èyí tí ǹ bá sọ nínú méjèèjì.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá tó ń tún aago ṣe pè mí, ohùn rẹ̀ tutù. “Má bẹ̀rù, ọmọ mi. A ti mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọ́n máa rán ẹnì kan láti inú ilé iṣẹ́ wọn wá.” Nínú gbogbo ẹ̀rí tí wọ́n ní, tèmi ló wá dára jù.

Fráìdeè, mo dá lọ sí ọ́fíìsì náà. Obìnrin tó jókòó sídìí fọ́ọ̀mù ní ìyá tàbí bàbá nìkan ni. Mo ní èmi ni àbúrò ìyá rẹ̀. Mo ní èmi ni òṣìṣẹ́ kejì. Ó wo fọ́ọ̀mù láti òkè délẹ̀, ó ní, “Kò síbi tí mo lè kọ ìyẹn sí, sà.” Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n tètè kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣe mí ní nǹkan. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ọkùnrin méjì gbé páálí funfun mẹ́sàn-án jáde sínú ọkọ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Ìyá Kékeré, tí mo fi nọ́ńbà inú lẹ́tà mọ̀, kò tóbi ju páálí bàtà lọ.

Mo wá sílé ẹ̀gbọ́n mi tààrà. Oòrùn ṣì wà lókè. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó mú mi lọ sí yàrá Ìyá Kékeré. Láti oṣù mẹ́sàn-án, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n fọ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì náà. Ó ti gbá a. Ó ti tẹ́ aṣọ mìíràn sórí bẹ́ẹ̀dì. Sálúbàtà ọmọ náà ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kàn rọra sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ibí lo máa sùn,” ló wí. “Wọn ò lè dé ibí.”

“Àǹtí mi, wọ́n ti gbé e lọ. Wọ́n ti lọ sin ín.”

“Mo gbọ́.” Bí ẹni dá ọmọ tí ibà ń ṣe lóhùn ló ṣe sọ ọ́. Ó gbọn ìrọ̀rí, ó fi lélẹ̀, ó tún un ṣe. “Tó bá dé, a máa wá ibòmíì fún ẹ.”

Mo ní ẹ ṣé. Mo bọ́ bàtà mi, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà.