Ọjọ́ Tí Iná Lé Gbogbo Wa Gun Àpáta

Èmi Àìníà, mi ò ní sùúrù. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Odode kò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ káàkiri pé mo na ọkọ mi lórí àpáta, irọ́ ni wọ́n ń pa. Mi ò nà án. Ohun tí mo ṣe fún un ju nínà lọ, bí n bá sì tún bá ara mi níbẹ̀ lónìí, n óò tún un ṣe. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Inú oṣù ààwẹ̀ ni, oṣù ààwẹ̀ ọdún yẹn sì bọ́ sí àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo igbó. Ewé tó bá já bọ́ lọ́nà, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, rírún ló ń rún wómúwómú. Èmi àti ọkọ mi, Sùrájù, lọ ra ọjà l'Ówènà, a ń rù ú bọ̀ wálé. Èmi ru iyọ̀, òun ru ìṣáná. Òwò wa nìyẹn, ó sì ń tà nígbà náà, nítorí àwọn ará ìlú orí òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́lé sí Odode ni, kò sì sí ilé tuntun tí kì í wá iyọ̀. Ọmọ wa, Sìdíkàt, wà lọ́dọ̀ ìyá mi nílé.

Ibà ti wà lára Bàbá Sìdíkàt kí a tó kúrò nílé. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ ti bó. Aláìsàn ni, arìnrìn-àjò tún ni. Ààfáà wa ti wàásù rẹ̀ títí pé Ọlọ́run yọ̀ǹda fún àwọn méjèèjì yìí pé kí wọ́n jẹun, kí wọ́n san ààwẹ̀ padà bí ara bá le. Ọkọ mi nìkan ló jẹ́ méjèèjì pọ̀, ó sì fárígá! Ẹ mọ ohun tó fà á? Ilé ọdẹ ni wọ́n ti bí i, òun nìkan ló gba ẹ̀sìn nínú gbogbo ìdílé wọn. Lọ́dún tó ṣáájú, inú rírun mú un, ó mu omi lọ́sàn-án ààwẹ̀, àwọn kan nínú ọjà sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi yí po. Wọ́n ní ìmàle ẹnu lásán ni. Láti ìgbà náà ló ti búra pé omi kò ní kan ọ̀fun òun mọ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Èmi ò gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nǹkan oṣù mi dé, obìnrin kì í sì í gbààwẹ̀ nínú rẹ̀. Mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà l'Ówènà, mo yó bámúbámú. Ó ń wò mí bí ẹni pé tirẹ̀ ni mo jí jẹ.

A bu omi kún búútà kan kí a tó kúrò létí odò. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó sọ ẹrù kalẹ̀ láti kí ìrun Àìlà.

Mo ní, "Bàbá Sìdíkàt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe táyámọ́mù. Omi yìí nìkan la ní."

Ó ní, "Omi wà nílẹ̀, kí n wá máa fi iyẹ̀pẹ̀ nu ojú? Ta ló máa gba irú ìrun bẹ́ẹ̀?"

Ó ṣe àlùwàlá rẹ̀ láìfo ibì kan. Ó fọwọ́, ó yọnu, ó fọjú, ó fọ apá, ó fọ ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta. Omi tán pátápátá. Mo gbé búútà sókè, mo mì ín, kò dún. Inú bí mi, mo fi búútà òfìfo kọ́ apá, mo gbé ẹrù mi, mo ṣíwájú.

A ò tíì rìn jìnnà tí a fi gbóòórùn èéfín. Ẹnì kan ń sun oko tuntun tó fẹ́ gbin kòkó sí lápá ìlú Aládé, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ti gba iná lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòdì la kọ́kọ́ rí. Wọ́n ń yí po lókè, wọ́n ń já wálẹ̀ ṣòòrò, wọ́n ń hán tata tó ń sá fún iná. Bí mo ṣe rí wọn báyìí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Kò pẹ́ ni ọ̀yà kan gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá. Òkété tẹ̀lé e, àti ẹtu kan tí oyún inú rẹ̀ ti tóbi. Kò sí èyí tó bojú wo wa nínú wọn. Apá ibì kan náà ni gbogbo wọn kọrí sí.

Bàbá Sìdíkàt ní, "Ká padà s'Ówènà."

Mo bojú wẹ̀yìn. Èéfín ti dí ọ̀nà náà. Mo ní, "Ẹ wo ibi tí àwọn ẹranko ń sá lọ! Àpáta ni wọ́n ń lọ! Kò sí koríko lórí rẹ̀, kí ni iná fẹ́ jẹ níbẹ̀? Ó yá, ẹ gbẹ́sẹ̀!"

A sáré tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí a dé ìdí àpáta, ẹsẹ̀ ọkọ mi kò gbé e mọ́. Ó sọ ẹrù ìṣáná kalẹ̀. Mo gun òkè lọ gbé iyọ̀ mi sílẹ̀, mo padà wá, mo fà á lọ́wọ́, mo tì í nídìí, mo sì ń bú u bí mo ṣe ń tì í. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì dé òkè tí iná fi dé ìsàlẹ̀. Odindi ẹrù ìṣáná gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, gbàù! Irun ojú mi jóná díẹ̀. Owó wa ló lọ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò ráyè sunkún.

Haa, ẹ wá wo orí àpáta! Ọ̀yà wà níbẹ̀, òkété wà níbẹ̀, alángbá ò lóǹkà, ahun kan tiẹ̀ ti bá wa débẹ̀, mi ò mọ ìgbà tó gbéra. Gbogbo wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sí ẹni tó ń lé ẹnì kejì. Aboyún ẹtu yẹn wá dúró ti àpò iyọ̀ mi, ó ń lá a. Mo ní, "Ìwọ yìí náà!" Ó wò mí, ó tún ń lá a lọ. Mo fi í sílẹ̀. Ọmọ ọdẹ ni ọkọ mi o, ẹtu dúró níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kò sì gbójú sókè wò ó.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà mí. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó gbóná janjan, kò sì sí òógùn kankan lára rẹ̀ mọ́. Oòrùn ń pa wá látòkè, àpáta ń sun wá nísàlẹ̀, iná sì yí wa ká, a ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú kí n tó fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ wàyí pé bí n kò bá rí omi, mo di opó kí oòrùn tó wọ̀.

Mo fi ìborùn mi ṣíji bò ó, mo gbé búútà, mo dìde.

Níbo ni omi máa wà lórí àpáta nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Mo rìn títí. Gbogbo kòtò tí òjò máa ń kún ló ti gbẹ. Ni mo bá rí ọ̀bọ kan tó gbé ọmọ mọ́ àyà, ó ń ti inú pàlàpálá àpáta jáde. Ó rí mi, ó dúró. Àgbọ̀n rẹ̀ tutù, omi ń kán níbẹ̀ tó, tó, tó. Mo ní, "Alihamudulilai!" Ọ̀bọ sá, èmi sì sáré lọ síbi tó ti jáde.

Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́, nísàlẹ̀ pàlàpálá náà, kò pọ̀. Oyin ti bò ó, wọ́n ń mu tiwọn. Paramọ́lẹ̀ kan sì nà gbalaja sí ẹnu ọ̀nà, ó sanra tó apá mi, iná ló lé òun náà débẹ̀. Gbogbo yín mọ paramọ́lẹ̀, kì í sá fún èèyàn. Ìwọ lo máa yà fún un.

Mo sọ fún un, mo ní, "Mi ò bá ọ jà o. Ọkọ mi ló ń kú lọ lọ́hùn-ún yẹn, mi ò sì ní padà lọ́wọ́ òfo." Mo tú gèlè mi, mo so ó mọ́ ọwọ́ búútà, mo dùbúlẹ̀ sórí àpáta tó ń jó mi láyà, mo sọ búútà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè orí rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó mí fùúù. Mo dúró. Ó gbé orí lélẹ̀, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn oyin rìn lórí ọwọ́ mi, mi ò mira. Ó pẹ́ kí búútà tó mu omi. Nígbà tí mo fà á sókè tí mo gbọ́ omi tó ń dún nínú rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké.

Mo dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Mo gbé orí rẹ̀ sókè, mo fi omi kan ètè rẹ̀. Ojú rẹ̀ là. Ó wo omi, ó wo oòrùn, ó sì pa ẹnu dé! Wáláì, ó pa ẹnu dé!

Ó ní, "Oòrùn ò tíì wọ̀."

Mo ní, "Bàbá Sìdíkàt, ẹ mu omi."

"Wọ́n á tún fi mí ṣẹlẹ́yà."

"Ta ló rí yín níbí? Ọ̀yà ni àbí ahun?"

Ó mi orí, ó di eyín pinpin. Ojú rẹ̀ tún ń padé lọ. Ohun tó wà láyà mi bẹ́.

"Sùrájù!" Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni mo pè yẹn, èmi ìyàwó rẹ̀, lójú ọ̀sán gangan. "Jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣẹlẹ́yà! Jẹ́ kí gbogbo Odode fi ọ́ ṣẹlẹ́yà títí ẹnu á fi kan wọ́n! Ààyè ni wọ́n ń fi ṣẹlẹ́yà, òkú ni wọ́n ń ṣàánú. Èmi ò sì fẹ́ kí ẹnì kankan wá ṣàánú mi!"

Mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo gbé e lé itan, mo fi apá kan há orí rẹ̀, mo dí imú rẹ̀. Nígbà tó lanu láti mí, mo da omi sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì rọ ọ́, bí mo ṣe rọ Sìdíkàt lágbo nígbà tó wà ní ìkókó. Ó jà. Ó ta ẹsẹ̀ nù, ó fọwọ́ gbá mi lójú. Mi ò tú u sílẹ̀. Omi pá a lórí, ó wúkọ́, mo jẹ́ kó mí, mo tún rọ ọ́. Omi tó dà nù ṣàn dé ọ̀dọ̀ ẹtu, ó tẹ orí, ó lá a. Mo ń sunkún, mo ń bú u, mo sì ń rọ ọ́.

Nígbà tó yá, ó ṣíwọ́ ìjà. Mo rò pé ó ti kú. Mo yọ ọwọ́ kúrò nímú rẹ̀. Ó ń wò mí, ojú rẹ̀ ti mọ̀ mí. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba búútà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Bísímílláì."

Ó gbé e sẹ́nu fúnra rẹ̀. Ó mu ún, ó mu ún, ó gbé e dorí kodò, ó lá ẹnu rẹ̀. Oòrùn ṣì wà lókè gangan tó ń wò wá.

Ó ní, "Àìníà, ṣé ó ṣì kù níbi tí o ti bù ú?"

Mo ní ó kù. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi, mo gba búútà, mo sì padà lọ bá paramọ́lẹ̀.