Ẹni Tí Kaothar Fi Sílẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹnu Kaothar mú ju abẹ lọ. Ní Orílé-Agége, níbi tó ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe jọ, tó ń kọ́ wọn, kò sí àgbà tí kò tíì gbọ́ tiẹ̀. Ìgbà tí àjọ kan láti òkèèrè pe àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá sí Ìkẹjà, kí wọ́n wá kọ́ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ láti mọ̀ pé ayé gbogbo ni ìlú òun, òun ló kọ́kọ́ dé.

Ilé iṣẹ́ bàtà sílípáàsì àtijọ́ ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ń lò. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà funfun, ṣùgbọ́n èéfín ṣì ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà bí àpá lábẹ́ pàńkéèkì.

"Bàbá, ṣé kò sí gbọ̀ngàn ní GRA ni?" ló bi Bàbá Adésànyà tó ń ṣọ́ géètì.

"Ọmọ yìí, ẹnu ẹ á pa ẹ́." Bàbá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. "Iná ló jó o. Àwọn ọ̀gá máa ń ti òṣìṣẹ́ mọ́lé, kí wọ́n má baà jí bàtà. Iná dé, kọ́kọ́rọ́ ò dé."

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Marta, olùkọ́ wọn tó wá láti Poland, ní kí gbogbo wọn fẹ̀yìn ti ògiri. Kí kálukú ro ẹnì kan tó ń fọwọ́ ṣe ohun tí ayé ń lò, kó sọ ọ́ lórúkọ, kó sì di onítọ̀hún. Òun á máa béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó gbẹ́sẹ̀ kan síwájú.

"Sùlíyá," ni Kaothar wí. "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ibí yìí ló ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ okùn bàtà." Kò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá sí i lẹ́nu.

"Ṣé o lè sinmi bí ara ò bá yá?"

Àwọn yòókù gbẹ́sẹ̀. Sùlíyá ò lè gbé e.

"Ṣé ẹnì kan á gbọ́ bí o bá ké? Ṣé o lè jáde nígbà tó bá wù ọ́?"

Àwọn yòókù ti dé ẹnu ọ̀nà, Kaothar nìkan ló kù lẹ́yìn. Ògiri tó fẹ̀yìn tì ń gbóná bí ọmọrí ìkòkò.

Nígbà tó parí, Marta ní, "Ẹ má tíì lọ o. Kálukú á sọ pé òun kì í ṣe ẹni tí òun dà, á wá pe orúkọ ara rẹ̀. Ẹ má gbé ẹlòmíràn lọ sílé."

Kaothar pòṣé. "Eré lásán! Ṣé èmi àti èmi la fẹ́ máa mọra ni?" Ó lọ jẹ ìrẹsì.

Ní géètì, Bàbá Adésànyà juwọ́ sí i. "Ó dàbọ̀, Sùlíyá."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Bàbá ṣẹ́jú. "Kí ni mo pè ẹ́?"

Ní Agége, oníkẹ̀kẹ́ márúwá tí kò rí i rí nawọ́ pè é: "Sùlíyá, wọlé ká lọ!" Ó délé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó kàn dúró níwájú rẹ̀, kò kàn án, kò taari rẹ̀, títí ẹlòmíràn fi ṣí i. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn gọ́ọ̀mù. Ìyá rẹ̀ ń ké láti ilé ìdáná, "Kaothar! Kaothar o!" Ó gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń pe ọmọ aládùúgbò.

Ìyá yọ sí i. "Ṣé etí ẹ di ni?"

"Ta lẹ ń pè, mà?"

Ìpọnbẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ ìyá.

Kaothar kò bẹ̀rù ènìyàn rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù èyí bà á. Ó ń wá orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, kò bá a níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ ta ni òun máa jẹ́?

Kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé láàárọ̀, ó ti wà ní géètì. "Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn fún mi."

"Kí lo gbàgbé?"

"Èèyàn. Sùlíyá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́."

Bàbá di kọ́kọ́rọ́ mọ́ àyà. "Mi ò sọ orúkọ òkú yẹn fún ẹ."

"Ẹ ò sọ ọ́. Ẹ ṣáà ṣí i."

Bó ṣe wọlé, ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri. "Èmi kọ́ ni Sùlíyá. Èmi ni..." Orúkọ ò wá. Ìgbà náà ló yé e: ẹni tí kò tíì kúrò lójú kan, báwo ló ṣe fẹ́ fi òun sílẹ̀?

"Ṣé ẹnì kan á gbọ́ bí o bá ké?" ló bi òfìfo. Ó fèsì fúnra rẹ̀: "Èmi gbọ́. Gbẹ́sẹ̀."

Nǹkan kan tó ń lẹ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n jọ gbẹ́sẹ̀. "Sinmi bó bá rẹ̀ ẹ́. Ó yá, gbé òmíràn." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀, apá Kaothar kọ̀, kò lè ṣí ilẹ̀kùn. Inú wá bí i.

"Ta ló máa dá ẹ dúró? Èmi ni? Àbí pákó aláìlójútì yìí? Mo ní kó o jáde níwájú mi!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Atẹ́gùn olóòórùn gọ́ọ̀mù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ọwọ́ náà tú. Lójúde, Bàbá Adésànyà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bọ́ fìlà.

"Èmi kọ́ ni Sùlíyá," ni ó wí. "Èmi ni Kaothar."

Fóònù rẹ̀ dún. "Kaothar!"

"Mà! Mo ń gbọ́ o, Màámi."

Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn, ó yí i. Bó ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn rọra ṣí padà. Wọ́n ti pe káfíńtà wá láti Abúlé Ẹ̀gbá, ó ti pààrọ̀ àgádágodo títí ó fi sú u. Títí di òní, ilẹ̀kùn yẹn kò gba títì mọ́.