Ilé Bisikíìtì Tiril

"Ta ló jáde kẹ́yìn lánàá?"

Steinar, ọ̀gá ibẹ̀, kò pariwo. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Oddny wà lórí eékún rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì gígùn náà, ó ń fi ìka ṣa àfọ́kù bisikíìtì sínú abọ́ kékeré kan. "Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí, Màmá."

Danuta ló ń bá wí, obìnrin ará Poland tó máa ń wá tún ibẹ̀ ṣe láàárọ̀. Danuta dúró ti ògiri, ó di igi ìnulẹ̀ rẹ̀ mú gírígírí.

Gbogbo Kérésìmesì ni àwọn ará ìlú Ålesund máa ń kọ́ ìlú kékeré kan sínú ilé ńlá tó wà létí omi, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹja pamọ́ láyé àtijọ́. Bisikíìtì àtalẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Àtọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, àtàwọn òbí wọn, oníkálukú á yan tirẹ̀ nílé, á sì rọra gbé e wá: ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́, ilé iná ojú òkun, ilé tí wọ́n ń gbé. Ṣúgà yíyọ́ ni símẹ́ńtì wọn, súìtì yíyọ́ ni gíláàsì fèrèsé. Ọkọ̀ ojú irin ìṣeré kan á máa yí gbogbo rẹ̀ po, àwọn bàbá á sì gbé ọmọ lé èjìká kó lè rí i dáadáa. Ó ti di ọdún kọkàndínlógún tí Oddny ti ń bá wọn ṣọ́ ọ. Òun ló mọ ilé tó fẹ́ tẹ̀, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń lé ọ̀rinrin jáde nínú ilé kí àwọn òrùlé má baà rọ̀.

Irinwó ilé ló wà lórí tábìlì lọ́dún yìí. Ọ̀kan ṣoṣo ló fọ́. Òrùlé rẹ̀ ti wọnú, ògiri iwájú rẹ̀ ti di ẹ̀rúnrún, àmọ́ èyí tó wà lọ́tùn-ún àti èyí tó wà lósì rẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ̀ nídìí. Káàdì rẹ̀ ṣì dúró níwájú rẹ̀: "Ilé wa. Tiril, ọmọ ọdún méje, pẹ̀lú Bàbá àti Henriette."

Ọmọ-ọmọ Oddny ni Tiril.

"Agogo méje ni mo nulẹ̀," Danuta ní. Ó máa ń rọra sọ èdè ìlú náà, bí ẹni tó ń rìn lórí yìnyín. "Nígbà tí mo dé, ó ti fọ́."

"O sì dákẹ́?"

"Mo rò pé tí mo bá sọ, ẹ máa ní èmi ni."

"Ó dáa, èmi náà ti wá ń sọ ọ́ báyìí." Steinar fi àgbọ̀n tọ́ka sí igi ọwọ́ rẹ̀. "Igi yẹn gùn. O yí padà, ó gbá a. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Irọ́ tó o wá ń pa lé e lórí ni n kò lè gbà. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ kékeré ni."

"N kò purọ́, ọ̀gá."

"Kó ẹrù rẹ. Màá pe ilé iṣẹ́ tó rán ọ wá."

 Danuta yíjú sí Oddny. Ìgbà òtútù mẹ́ta ni àwọn méjèèjì ti jọ ń jókòó sórí àpótí ẹja lẹ́yìn ilé, tí wọ́n ń mu kọfí kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún èrò. Oddny mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Danuta mọ èyí tó ń dun Oddny nínú eékún méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Steinar," Oddny bẹ̀rẹ̀, "bóyá ká ṣe sùúrù ná..."

"Sùúrù kí ni, Màmá? Àwọn ọmọ kíláàsì Tiril ń bọ̀ lọ́la. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Oddny tẹrí ba, ó ń ṣa àfọ́kù lọ. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, igi ìnulẹ̀ ló kù tó fara ti ògiri. Danuta ti lọ, kò sì dágbére.

Oddny kò béèrè ẹni tó fọ́ ilé náà, torí ó mọ̀ ọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, Ragnhild ọmọbìnrin rẹ̀, ìyá Tiril, yọ sí i. Láti ọdún méjì tí òun àti Sverre ọkọ rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀, kò tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ rí. Inú Oddny dùn. "Èwo ni ti Tiril?" Ragnhild bi í, Oddny sì fi hàn án, ó tilẹ̀ tan iná inú ilé náà kó lè rí fèrèsé rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló lọ sẹ́yìn láti wo ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nígbà tó padà, Ragnhild ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ ìbọ̀wọ́. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, bọ́ọ̀sì ń bọ̀."

Nínú bọ́ọ̀sì ni Oddny ti rí ṣúgà funfun létí ọwọ́ kóòtù dúdú ọmọ rẹ̀. Ó nawọ́, ó gbọ̀n ọ́n nù fún un bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. Kò béèrè nǹkan kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n lé Danuta, ó gun àtẹ̀gùn ilé tí Ragnhild ń gbé. Iṣẹ́ alẹ́ ni Ragnhild ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, nítorí náà ó wà nílé. Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí padà sí aṣọ.

"Ẹ ti rí i."

"Ìka mi ni mo fi ṣa á."

Ragnhild ń lọ ọrùn aṣọ náà lọ, ó ń lọ ọ́ bọ̀. "Ẹ rí àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún? Àwọ̀ ìyeyè. Èmi ni mo yan àwọ̀ yẹn, Màmá. Oyún oṣù méje wà nínú mi nígbà tí mo gun àkàsọ̀ tí mò ń kun ojúlówó ilé yẹn. Sverre ní òun ń bẹ̀rù òkè. Lónìí, wọ́n kọ ọ́ sí káàdì, 'Ilé wa.' Wọ́n fi èèyàn mẹ́ta sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ rí wọn? Ọ̀kan wọ síkáàfù pupa. Henriette nìyẹn, obìnrin tó fi rọ́pò mi."

"Tiril ló ṣe é, Ragnhild. Ọwọ́ ọmọ rẹ ló ṣe síkáàfù yẹn."

"Mo mọ̀." Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Nígbà tí mo gbá a tán ni mo tó rántí."

Nísàlẹ̀, ẹnìkan ń fi ṣọ́bìrì ha yìnyín lójú ọ̀nà.

"Wọ́n ti lé Danuta," Oddny ní.

"Ta ni Danuta?"

"Obìnrin tó ń gbálẹ̀. Wọ́n ní òun ni."

Ragnhild mí kanlẹ̀. "Ó máa ríṣẹ́ míì. Àwọn tó ń gbálẹ̀ máa ń ríṣẹ́."

"Wàá lọ bá Steinar, kó o sọ fún un."

"N kò lè lọ."

"Bisikíìtì ni, Ragnhild. Wàá ní inú ló bí ọ. Wàá bẹ̀bẹ̀. Ó ti tán."

"Kò tán o, Màmá." Ó wá jókòó sórí àga tó dojú kọ ìyá rẹ̀. "Sverre ti kọ̀wé sí àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ó ní ara mi kò balẹ̀, pé kí Tiril kúkú máa gbé lọ́dọ̀ òun, kó máa wá kí mi ní Sọ́ńdè. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbọ́ ọ. Ẹ wá fẹ́ kí n lọ gbé ìyẹn lé e lọ́wọ́? Ìyá tó fọ́ ilé ọmọ rẹ̀? Ẹ̀yin náà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ dájọ́, ta lẹ máa gbé ọmọ fún?"

Oddny tẹjú mọ́ áyọ́ọ̀nù náà.

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn," Ragnhild ní. "Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́."

"Mo máa ń sọ ọ́," Oddny ní. Ó dìde, ó wọ fìlà rẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló tó rí i pé òun kò bọ́ bàtà nígbà tí òun wọlé, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

Kò sùn dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, kí àwọn ọmọ kíláàsì tó dé, ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Steinar.

"Èmi ni mo fọ́ ilé náà," ó ní.

Steinar rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Oddny kò rẹ́rìn-ín, ó gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀yin bí i báwo?"

"Eékún mi ló yẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Mo fọwọ́ lé e, ó sì wó. Ojú tì mí."

"Ojú tì yín." Ó wò ó pẹ́. "Ẹ wà níbẹ̀ lánàá. Ẹ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi nígbà tí mò ń bá obìnrin yẹn wí. Ó bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gba òun sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ létí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wá dákẹ́."

"Mo dákẹ́."

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn fún un. Àmọ́ ńṣe ni Steinar fà sẹ́yìn lórí àga bí ẹni tí ohun kan ń rùn sí. "Láti ìgbà tí mo ti débí, ẹ̀yin ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ síbẹ̀ yẹn."

Ó fi í sílẹ̀. Ó jókòó títí Steinar fi pe ilé iṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ náà, torí ó fẹ́ gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti gbé ẹlòmíràn síbẹ̀. Wọ́n ní Danuta fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun kò fẹ́ padà.

Ìgbà kẹta tó pè é ni Danuta tó gbé fóònù.

"Mo ti sọ fún un pé èmi ni," Oddny ní.

"Steinar ti pè mí. Ó bẹ̀ mí." Ohùn Danuta kò ní ìbínú nínú, kò sì ní ọ̀yàyà. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ́kọ́ rí ilé yẹn. Ẹni tó bá ṣubú kì í fi ẹ̀ṣẹ́ gbá òrùlé. Mo rí ojú ìkúùkù níbẹ̀. Ìkúùkù yín kọ́."

Oddny di fóònù mú.

"N kò ní béèrè ti ta ni," Danuta ní. "Èmi náà ní ọmọ. Àmọ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n nígbà tí mò ń wò yín lójú. Èyí ni mi ò lè gbé mì. Ẹ kú ọdún o." Ó pa fóònù rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, omi òjò àti yìnyín jọ ń já bọ́ papọ̀. Tiril wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ragnhild ti ṣèlérí ìlú bisikíìtì fún un tipẹ́, kò sì rí ọ̀nà àtiyẹ̀ ẹ́. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá pàdé àwọn níta. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún, Oddny tò sẹ́yìn àwọn èrò, láàárín kẹ̀kẹ́ ọmọ àti agbòjò. Ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló ń ṣí ilẹ̀kùn.

Tiril kò sáré wá dì mọ́ ọn. Ó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí i, ó gbé ojú rẹ̀ sókè láti abẹ́ fìlà.

"Màmá àgbà, Bàbá ní ẹ̀yin lẹ fọ́ ilé mi. Ṣé òótọ́ ni?"

Oddny kò wo Ragnhild. Ó kàn mọ̀ pé Ragnhild wà níbẹ̀, pé ó ń tún ìbọ̀wọ́ ara rẹ̀ wọ̀, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Òótọ́ ni."

"Ẹ mọ̀ pé tèmi ni?"

"Mo mọ̀. Má bínú sí mi, Tiril."

Ọmọ náà rò ó. Omi ń kán sílẹ̀ láti etí fìlà rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é," ó ní. "Mo ti fẹ́ gbé yín sínú rẹ̀, àmọ́ ìyẹ̀fun tán." Ó tún rò ó díẹ̀. "Màá kọ́ òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò ní fọwọ́ kàn án."

"N kò ní fọwọ́ kàn án."

"Ẹ lè wò ó."

"Ó dáa."

Ragnhild la ẹnu. Oddny rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó dúró dè é, òun àti òjò àti gbogbo èrò tó tò sẹ́yìn wọn. Ragnhild pa ẹnu dé, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

"Jẹ́ ká wọlé, Tiril, òtútù ń mú. Màmá, ẹ ń bọ̀?"

"Rárá, ẹ máa lọ."

Ragnhild sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ṣé, Màmá. Ọlọ́run mọ̀ pé—"

"Má dúpẹ́," Oddny ní. "N kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ní alẹ́ Kérésìmesì, ẹ má dè mí. Màá wà nílé mi."

"Tiril máa béèrè yín."

"Tó bá béèrè mi, sọ fún un ìdí tí n kò fi wá. Ìwọ ni kó o sọ fún un."

Ó kúrò lórí ìlà. Ìdílé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún síwájú, wọ́n gba àyè rẹ̀. Ó gba ojú ọ̀nà etí omi lọ, lápá ibi tí wọ́n sọ fún un pé Danuta ń gbé, láìmọ nọ́ńbà ilé.