Bàbá Ọwọ́-Ẹ̀yìn

Bọ́tìnnì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lásán, tí kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ.

Láràárọ̀, kí alágbàfọ̀ tó lọ sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀, á gbé bàbá rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ ṣẹ́ẹ̀tì, á wá máa de bọ́tìnnì láti ọrùn wálẹ̀, wàràwàrà, bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Tó bá ṣe ìyẹn tán, ó kan ṣòkòtò. Tó bá ṣe ṣòkòtò tán, ó kan ṣíbí: á máa fi bọ́ ọ, á máa nu ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì máa wo ilẹ̀kùn, bí ẹni pé nǹkan kan fẹ́ gbabẹ̀ wọlé. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, síbẹ̀ tí abọ́ bá já bọ́ nílé kejì, àyà tirẹ̀ ló ń já.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló ṣe bàbá náà. Ó mú apá ọ̀tún, ó fa ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì kó ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù, bí olè tó kó ilé tán tó fi àga kan sílẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, bàbá máa ń fi ọwọ́ òsì ti ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kúrò lára bọ́tìnnì.

"Fi... sílẹ̀."

"Ẹ rọra, Bàbá. Mo ti ń ṣe é tán."

"Fi sílẹ̀!"

"Kí n fi yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tún lọ ṣubú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí."

Torí ó ti ṣubú rí. Ó dìde fúnra rẹ̀ lọ sílé ìwẹ̀ nígbà tí alágbàfọ̀ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, alágbàfọ̀ sì gbọ́ ìró orí rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Ìró yẹn kò kúrò létí rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Látọjọ́ náà ló ti pinnu pé bàbá òun kò ní gbé ohunkóhun fúnra rẹ̀ mọ́, kódà kó jẹ́ ife omi.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá bá wọn na ọwọ́ ọ̀tún náà kìlọ̀ fún un. Ọmọdébìnrin ni, ó sì máa ń ṣàwàdà.

"Mọ́mì, ọwọ́ yìí ò tíì kú o. Ó ń sùn ni. Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa fi bọ́tìnnì ṣeré, kí wọ́n máa fi mú ṣíbí. Tẹ́ ẹ bá ń bá wọn ṣe é, á le gbagidi, a ò sì ní rí i nà mọ́."

"Mo ti gbọ́, nọ́ọ̀sì."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ àti ṣíṣe kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Nígbà tó yá, bàbá kò ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò mọ́. Tí ọmọ rẹ̀ bá ti mú ṣẹ́ẹ̀tì dé, á kàn gbé àgbọ̀n sókè kí bọ́tìnnì ọrùn lè rọrùn láti dè. Alágbàfọ̀ dúpẹ́. Ó rò pé àlàáfíà ló dé.

Ó yẹ ká sọ ẹni tí bàbá náà jẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wúwo.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ tó di olùkọ́, ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ ni pé kí tíṣà wí, kí ọmọ wí tẹ̀lé e, kí pàṣán wà lórí tábìlì. Ọmọ tó bá béèrè pé "kí ló dé?", ìdí rẹ̀ ló ń dáhùn. Òun ló ju pàṣán tirẹ̀ sínú ṣáláńgá. Ó kó àwọn ọmọ jáde lọ wọn òjìji ògiri, ó ní kí wọ́n gbin ẹ̀wà sínú agolo kí wọ́n sì jiyàn lórí èyí tó kú, ó ní kí wọ́n fi igi àti ìdérí agolo méjì ṣe òṣùwọ̀n. Òfin kan ṣoṣo ló fún àwọn olùkọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́: "Bí ọmọ bá ń fọwọ́ ṣe nǹkan, fi ọwọ́ tìẹ sẹ́yìn. Ẹni tó bá bá ọmọ ṣe ohun tó lè dá ṣe, ó ti jí i lọ́wọ́ rẹ̀."

Àwọn olùbẹ̀wò wá, wọ́n gbọ́ ariwo, wọ́n ní ṣé ilé ẹ̀kọ́ nìyí àbí ibùdókọ̀? Wọ́n lé e. Ó lọ ń kọ́ni lábẹ́ àtíbàbà. Ó kọ ìwé, ìwé náà rin ìrìn àjò ju òun fúnra rẹ̀ lọ, àwọn tó lé e sì padà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kọ́ àwọn olùkọ́. Dòní, tẹ́ ẹ bá wọ kíláàsì tẹ́ ẹ bá rí olùkọ́ tó fọwọ́ sẹ́yìn tó ń wo ọmọ tó ń ṣàṣìṣe, tó sì ń mú un mọ́ra, bàbá yìí ló wà nídìí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Ọwọ́-Ẹ̀yìn. Lọ́dọọdún, nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, á fi ọwọ́ ọ̀tún fún olùkọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀kì kan, kò ní sọ̀rọ̀, á sì dá ọwọ́ náà padà sẹ́yìn.

Torí ṣọ́ọ̀kì yìí ni Ìyá Tíṣà ṣe wá kí wọn. Òun ni olórí ilé ẹ̀kọ́ náà, ó sì wà lára àwọn ọmọ abẹ́ àtíbàbà.

"Bàbá Ọwọ́-Ẹ̀yìn! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ọmọ yín ń bọ́ yín bí àgbò tí wọ́n fẹ́ tà."

Bàbá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín.

"Àwọn ọmọ tuntun ń retí yín, sà. Wọ́n láwọn ò ní gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, pé ọwọ́ mi ò dùn."

Ló bá mú ṣọ́ọ̀kì kan nínú báàgì, ó fi sórí tábìlì níwájú bàbá, ó sún sẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá wà lórí itan rẹ̀. Ó wò ó. Ó pẹ́. Èjìká rẹ̀ gbọ̀n, ọwọ́ náà sún bí ìgbín, ó dé etí tábìlì, àtàǹpàkò gbéra díẹ̀. Òógùn bo bàbá. Alágbàfọ̀ ń wò ó, ìró sìmẹ́ǹtì yẹn sì ń dún létí rẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó fò síwájú, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka márààrún dé.

"Wọ́n ti mú un! Ẹ ò rí i? Wọ́n ti mú un."

Nígbà tó yọ ọwọ́, ṣọ́ọ̀kì bọ́ sílẹ̀, ó dá sí méjì. Bàbá gbé àgbọ̀n sókè, bó ṣe máa ń ṣe fún bọ́tìnnì.

Alágbàfọ̀ sin àlejò dé ẹnu géètì.

"Àbúrò mi," Ìyá Tíṣà ní, "ta ló mú ṣọ́ọ̀kì yẹn?"

"Bàbá ni."

"Ìwọ ni o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣubú. Èmi ni mo gbọ́."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa—"

"Ẹ̀yin ni wọ́n kọ́! Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ wọn. Èmi, wọ́n kàn bí mi ni." Ó bojú wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ rántí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin?"

"Èyí tó kú ní kékeré? Wọ́n ní ibà ni."

"Kì í ṣe ibà. Igi ẹ̀yìnkùlé ló gùn. Bàbá wà nísàlẹ̀, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀ka dá. Kí wọ́n tó mú ọwọ́ wá síwájú, ọmọ ti délẹ̀."

Ìyá Tíṣà di irin géètì mú.

"Látìgbà náà, òde nìkan ni wọ́n ti ń fọwọ́ sẹ́yìn. Nílé, mi ò gbọ́dọ̀ mú ọ̀bẹ, mi ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iná. Wọ́n ń de bọ́tìnnì fún mi títí mo fi dàgbà di ọmọge. Tí mo bá ń ṣe iṣẹ́ ilé tí mo dúró ronú díẹ̀, wọ́n á gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n á bá mi kọ ọ́ tán. Máàkì mi ń pé! Ìgbà tí ìdánwò dé, tó ku èmi nìkan, ìwé òfìfo ni mo fà lé ẹni tó ń ṣọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọ olùkọ́ àwọn olùkọ́, kò ní sátífíkéètì kankan."

"Kí ló dé tó ò fi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni?"

"Àwọn èèyàn á ní ẹ̀kọ́ Bàbá ò dáa. Ẹ̀kọ́ wọn dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ló bà wọ́n."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Ìyá Tíṣà náà wò ó. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, alágbàfọ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì fún bàbá, ó wá sún sẹ́yìn. Ó fọwọ́ sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan di ìkejì mú kó má baà sá wá síwájú.

"Ẹ de é, Bàbá."

Bàbá gbé àgbọ̀n sókè. Ó ń dúró dè é.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ de é."

Bàbá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹrù ẹlòmíràn tí wọ́n ní kó bá àwọn dì mú. Ọwọ́ náà kò mira. Bóyá agbára tó kù ló ná sórí ṣọ́ọ̀kì lánàá, ta ló mọ̀? Wọ́n wà báyẹn títí nọ́ọ̀sì fi wọlé. Ó gbìyànjú láti na àwọn ìka náà. Kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà.

"Mọ́mì, ó ti le."

"Kò lè padà mọ́?"

"Ká ní nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ni..."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ, alágbàfọ̀ jókòó sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ bàbá. Bàbá fi ọwọ́ òsì fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò pa ojú àpá iná tó wà níbẹ̀. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tó di dandan kó wá iṣẹ́, ló tó kọ́kọ́ di áyọ́ọ̀nù gbígbóná mú láyé rẹ̀.

"Ta... kọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Bàbá. Ó jó mi, mo tún mú un."

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú méjèèjì ló ń da omi.

"Mo... jí i," ni bàbá wí. "Mo jí i... lọ́wọ́ ẹ."

"Èmi náà ti jí tiyín, sà."

Ó dìde, ó de bọ́tìnnì náà fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Kò sí ohun mìíràn tó tún lè ṣe.

Wọ́n gbé bàbá lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà tí ọjọ́ ṣọ́ọ̀kì pé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ là díẹ̀ lórí itan, ó rí bí abọ́. Ìyá Tíṣà ń kó ṣọ́ọ̀kì sínú rẹ̀, àwọn olùkọ́ tuntun ń tò kọjá, wọ́n ń tẹríba, kálukú ń mú tirẹ̀. Gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ń sunkún, wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé bàbá kò fún wọn, àwọn ló mú un. Alágbàfọ̀ dúró lẹ́yìn àga, ó fọwọ́ sẹ́yìn. Òun mọ̀ pé ọwọ́ tí ì bá lè fúnni ni.

Olùkọ́ tó kẹ́yìn mú ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ bàbá ṣófo. Nígbà náà ni alágbàfọ̀ rí i, tàbí ó rò pé òun rí i: ìka kékeré sún, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó ń jí. Ó lè jẹ́ atẹ́gùn fáànù ló mi etí ṣẹ́ẹ̀tì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ ọn. Àwọn èèyàn ti ń jáde, wọ́n ń kó àga. Ó ń wò ó síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà á pé ìka náà kò ní sún mọ́, ẹ̀rù sì ń bà á pé ó lè tún sún, kí òun sì ní láti fọwọ́ sẹ́yìn máa wò ó.