Lẹ́tà Mi Há Sẹ́nubodè

Ó ti lọ ni, àbí kò tíì lọ? … Rárá, kò lọ. Òun rèé. Mò ń fojú ara mi wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ó jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń retí kí n ṣílẹ̀kùn. Lẹ́tà mi. Lẹ́tà tí mo kọ sí ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ yìí pé mò ń bọ̀ nílé, pé mi ò ṣiṣẹ́ ológun ojú omi mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ, ó tò sẹ́yìn àwọn tó ń dúró kí nẹ́tíwọ̀kì gbé wọn, ọwọ́ mi ò tíì kúrò lórí bọ́tìnnì tí tẹlifóònù ara ògiri fi dún, tí ohùn ọ̀gá ẹ̀ka wa wọlé — Tì í. Tì í báyìí — mo sì tì í. Ọwọ́ kan náà ló fi lẹ́tà ránṣẹ́, òun náà ló tún tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ta ni mo fẹ́ bá jà?

Kì í ṣe ilẹ̀kùn onígi o. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde nínú ọkọ̀ yìí ni: lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, ìpè, fọ́tò, gbogbo ohun tí àwa tí a wà lórí agbami ń fi ránṣẹ́ sílé. Èmi ló ń bójú tó o, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Oníbodè. Bí nǹkan bá ṣe ẹnìkan nínú ọkọ̀, wọ́n á ní kí n tì í títí wọ́n á fi fi ọ̀rọ̀ tó ẹbí onítọ̀hún létí bó ṣe yẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí ò tiẹ̀ tó nǹkan … ó tó o, ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni. Akunlé ọkọ̀ wa ló yọ̀ lórí àtẹ̀gùn irin tòun ti garawa ọ̀dà, ẹsẹ̀ kan sì kán. Nọ́ọ̀sì ní ó ń ṣàwàdà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń béèrè bóyá ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣì gbọ́dọ̀ parí ọ̀dà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò tíì gbọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà kan tí a ò tètè tì í, ẹnìkan kàn kọ̀wé síyàwó rẹ̀ pé èéfín díẹ̀ rú níbi ẹ́ńjìnnì. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àdúgbò ti gbọ́ pé ọkọ̀ ti rì, àwọn èèyàn ti ń wá bá ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ kẹ́dùn. Ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì rèé, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń béèrè pé ta ló gbé ṣúgà.

Mò ń bọ̀ nílé. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti pinnu, bí ọkọ̀ yìí bá ti gúnlẹ̀, mi ò ní tọwọ́ bọ̀wé mọ́, ẹ bá mi tọ́jú àyè mi. Ó dùn ún kọ. Ó tilẹ̀ dùn ún kà. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọmọ ìyá mi, tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, ó ti kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, kó lè gba àwa méjèèjì. Ká tó gbéra lébùúté, ó sọ fún mi lórí fóònù: "Mo ti ní kí wọ́n lu fèrèsé síbi tí wà á máa jókòó. Ṣebí o ní o kì í rí oòrùn." Fèrèsé. Mo kàn ráhùn lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé e sọ́kàn, ó lọ pe bíríkìlà. Irú èèyàn tí mo fẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ ṣeré pẹ̀lú nìyẹn?

Mi ò purọ́ ṣá. Mi ò kì í rí oòrùn. Yàrá yìí ò ní fèrèsé kankan, ẹ̀rọ ni wọ́n tò síbẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo wọn ń kùn. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí wọn lára tọ̀sán tòru kí wọ́n má baà gbóná, èmi tí mi ò kì í ṣe ẹ̀rọ ni mò ń wọ súwẹ́tà méjì. Ìyá mi sì wà nílé, ó ń sọ fáwọn aládùúgbò: "Ọmọ mi ló ń wa ọkọ̀ ojú omi." Mo ti bá a sọ ọ́ títí pé èmi kọ́ ló ń wa ọkọ̀, pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ń ríran rí òkun. Ó ní kí n fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, òun ti sọ fún wọn.

Kí ló tiẹ̀ bí lẹ́tà yìí? … Àná ni. Àná ló bí i. Bí nǹkan bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wà láyé. Bó bá dákẹ́, gbogbo ọkọ̀ ló mọ orúkọ mi. Ìjì jà lánàá, nẹ́tíwọ̀kì lọ, àwọn tó ń bá ilé sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ bá ara wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ pé "ṣé o ń gbọ́ mi? ṣé o ń gbọ́ mi?" fún ògiri. Oníbodè, o tún ti ṣe é. Bí ẹni pé èmi ni mo rán ìjì níṣẹ́. Mo fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ wá a, mo rí i, ó padà wá, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, kò sẹ́ni tó ní "o ṣeun". Mo fi ìbínú sùn, mo fi ìbínú jí, mo jókòó, mo kọ lẹ́tà.

Ó dáa. Mo kọ ọ́. Mo fi ránṣẹ́. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé nígbà tí mo rí i pé kò lọ, ńṣe ni ara mi fúyẹ́? Mi ò fẹ́ ronú kan ibẹ̀ … ṣùgbọ́n ó fúyẹ́. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, tí wọ́n ní ọ̀nà dí, tí inú rẹ̀ ń dùn — ṣé ó fẹ́ lọ lóòótọ́? Ọ̀gá ẹ̀ka wa ti ní kí n fún òun lésì kí a tó gúnlẹ̀, bóyá mo máa tọwọ́ bọ̀wé láti tún bá wọn ṣe é tàbí mi ò ṣe mọ́. Mo dẹ́rìn-ín pa á, mo ní màá rò ó. Kí ni mo rò? Mo ti rò ó títí, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì wà.

Mo lè yọ ọ́. … Kì í ṣe iṣẹ́ rárá. Kí n mú un láàárín wọn, kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní mọ̀ láéláé pé ó wà rí. Màá ráyè rò ó dáadáa, kò sẹ́ni tí mo múnú rẹ̀ dùn lásán, kò sẹ́ni tí mo já kulẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnìkan yọ nǹkan — àmọ́ ta ló ń yẹ ohun tí ẹ̀rọ kọ wò? Èmi náà ni. Kí n pe ara mi lẹ́jọ́, kí n bẹ ara mi, kí n dárí ji ara mi, ká jọ lọ jẹun.

Bí mi ò bá yọ ọ́ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi á kà á kó tó di ọ̀sán. Mo mọ̀ ọ́n. Kò ní jókòó kà á tán, á ti bọ́ síta, á sọ fún bíríkìlà, á sọ fún télọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á pe ìyá wa. Ìyá wa á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò sọ fáwọn aládùúgbò pé ó ṣe ọkọ̀ tí ọmọ òun fi fi í sílẹ̀. Bí mo bá wá tún kọ̀wé lẹ́yìn náà pé ẹ má bínú, ọkàn mi ti yí … Irú èyí ò ṣeé gbọ́ lẹ́nu àbúrò. Ká kúkú yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n Kúùkù. Kí ló dé tó jẹ́ pé òní ni Kúùkù wá? Ọkùnrin gìrìpá tó ń pàṣẹ fún ìkòkò, ó dé ẹnu ọ̀nà mi bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ó ní òun kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ òun, òun fi ráhùn pé ìyá ìyàwó òun tún ń bọ̀ wá kí wọn, pé ìyá náà máa ń hanrun débi tí ògiri ń dá a lóhùn, pé bó bá jókòó, kì í rántí dìde. Orúkọ ọ̀rẹ́ àti orúkọ ìyá tẹ̀ léra wọn nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìyá ló fi ránṣẹ́ sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ mí pé lẹ́tà náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi, kí n ṣojú àánú, kí n bá òun yọ ọ́, búrẹ́dì gbígbóná á máa wọlé fún mi láràárọ̀ títí a ó fi gúnlẹ̀. Búrẹ́dì gbígbóná, nínú òtútù yìí. Mo gbójú sókè, mo ṣe bí ẹni ńlá. "Ohun tó bá ti dé ẹnubodè kì í ṣe tiyín mọ́. Ti ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ni."

Ó wò mí. "Bó bá jẹ́ tìẹ ńkọ́?"

"Tèmi náà, ibẹ̀ ló máa wà."

Ibẹ̀ ló máa wà. Ẹnu mi yìí náà ni. Tèmi sì wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́, ó fẹ̀yìn ti tirẹ̀. Mi ò rántí ni? Mo rántí. Ọ̀rọ̀ náà kàn jáde ni, bí ẹni tó ń sọ orúkọ ara rẹ̀.

Ọ̀fíísà kan pẹ̀lú wá, èyí tó jẹ́ pé bí mo bá pàdé rẹ̀ lókè, mo gbọ́dọ̀ nà ṣánṣán kí n kí i. Ọmọ rẹ̀ ń ṣọjọ́ ìbí lónìí, gbólóhùn kan péré ló fẹ́ kó kọjá. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo ní, ẹ má bínú, sà. Ó ní mo ṣe dáadáa, ó sì lọ. Lẹ́tà ọ̀gá ọkọ̀ pàápàá wà níbí, sí ìyàwó rẹ̀, òun ló ṣíwájú gbogbo wọn. Mi ò lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ rí i, orúkọ nìkan ló ń hàn sí mi. Lẹ́yìn tirẹ̀, ti nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn nọ́ọ̀sì, ti Kúùkù, lẹ́yìn náà tèmi. Ọkùnrin tó lè ní kí ọkọ̀ yìí yí padà lójú agbami, ó ń dúró níbí bíi tiwa. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú, kí n má parọ́. Ibi mìíràn wo ni ọ̀gá ti ń tò sílà pẹ̀lú kúùkù?

Ó sì ní àwọn nǹkan mìíràn tó ń dùn mọ́ mi … Ẹ̀yìn ìjì àná, nígbà tí abọ́ sátẹ́láìtì tó wà lókè ń yí orí kiri bí ẹni tó ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín èrò. Ó wá a, ó wá a, ó rí i. Iná àwọn ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tan ní àwọ̀ ewé, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn, mo sì gbọ́ tí ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń sọ pé "mo ti rí ọ, mo ti rí ọ." Mo gbàgbé rẹ̀. Inú ló ń bí mi, n ò rántí pé mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ ọ. Ṣé ní ṣọ́ọ̀bù … Níbẹ̀ náà, àwọn èèyàn á máa bú sẹ́rìn-ín bí fóònù wọn bá jí. Ẹ̀gbọ́n mi á wà níbẹ̀. Oòrùn á wà níbẹ̀. Kí ló tún kù tí mò ń wá?

Tẹlifóònù. Ọ̀gá ẹ̀ka wa. "Ṣí i. Wọ́n ti bá ìyá akunlé sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n bi í bóyá bàtà tí òun rà fún un ló wọ̀."

Ó yá o. Ọwọ́ mi ti wà lórí rẹ̀. Bí mo bá máa yọ lẹ́tà náà, ìsinsìnyí ni. Kúùkù ò sí níbí. Ọ̀gá ò sí níbí. Kò sẹ́ni tó ń wò mí, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ló kàn án pẹ̀lú òfin iṣẹ́? Ó yẹ kó rọrùn fún mi. Ẹni tó ń kó ẹrù jáde nílé kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fọ ògiri … àbí ó máa ń fọ̀ ọ́? Ẹ̀rù ò ba ọwọ́ mi. Kò kàn ṣe é ni. Mo ní kó lọ, kò lọ. Kò ní yọ ọ́. Kì í ṣe nítorí Kúùkù, kì í ṣe nítorí ọ̀gá … nítorí pé èmi ni mo wà níbí, a kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí.

Háà.

Ẹni tó ń lọ kọ́ ló ń hùwà báyìí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà ṣí. Ti ọ̀gá ọkọ̀ jáde, ti nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e. Ti Kúùkù — ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ lọ wá nǹkan sọ fún ìyá. Tèmi dìde, lẹ́tà tó ń sọ fáyé pé mò ń kúrò níbí, ọwọ́ ẹni tí kò lè kúrò ló sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀gbọ́n mi á yọ̀. Kó tó yọ̀ tán, màá ti kọ òmíràn, màá sọ òótọ́ fún un, inú á bí i, ó sì tọ́ kó bí i. Ó ń dùn mí nítorí rẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an, ẹ̀rín sì ń pa mí, èmi nìkan, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ó kọjá. Mi ò rí i mọ́. Lẹ́tà ló lọ. Èmi ò lọ síbì kankan.