Ohun Tó Ń Mú Ìwàlẹwà Dẹwọ́ Nínú Omi

Bí a bá gba ìwé àkọsílẹ̀ Adétutù gbọ́, Ìwàlẹwà kì í ṣe ọmọ kan. Ọmọ mẹ́ta ni. Èyí tó lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Ajé lọ, ó bọ̀, mítà àádọ́ta, aago sì ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìndínlógójì. Ti Ọjọ́rú lo mọ́kàndínlógójì. Ti Ọjọ́bọ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tó ti wá, lo mẹ́rìnlélógójì gbáko. Omi kan náà, fìlà rọ́bà pupa kan náà, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kan náà. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ tó wà láàárín ọmọ Ajé àti ọmọ Ọjọ́bọ̀, ẹni tó bá ń ka Àdúrà Olúwa á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí oúnjẹ òòjọ́.

Ọdún 1996 ni. Òṣìṣẹ́ àjọ eré ìdárayá ni Adétutù, òun sì ni kóòṣì àwọn ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ fún Òṣogbo. Púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan lọ́nà Ìdó-Ọ̀ṣun ni wọ́n ń lò. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n sì fi okùn là á sí ojú ọ̀nà márùn-ún. Bí ilé-ìwé bá ti jáde, àwọn ọmọ méjìlá á tò sétí omi, wọ́n á dijú, nítorí Adétutù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ kan omi láìkọ́kọ́ fẹnu kan orúkọ Olúwa.

Ọjọ́ kò sì sí mọ́. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà gan-an, ìdíje wà ní Iléṣà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìpínlẹ̀ ń wá, ẹni tí yóò lọ ṣojú Ọ̀ṣun ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri ni. Ìwàlẹwà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá àgbà rẹ̀ ló ní kó jẹun nígbà tó di ọ̀sán.

"Kóòṣì," ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódèyí wí, ọ̀gá àjọ náà, tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, tí kò sì lè sọ̀rọ̀ kó má kan rélùwéè, "ọkọ̀ ojú irin tó bá dé lásìkò lónìí, tó sì sọnù lọ́la, ta ni í bá a rìn? Julianah ni kẹ́ ẹ dójú lé. Ìyẹn, méjìdínlógójì ni lójoojúmọ́. Kò lé, kò dín."

"Ẹ̀yin ẹ fún mi di ọjọ́ Ẹtì, sà."

"Kí lẹ fẹ́ rí lọ́jọ́ Ẹtì?"

Adétutù kò mọ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lára gan-an nìyẹn. Ọmọ ni í ṣàárẹ̀, ọmọ ni í bínú, ọmọ ni í ṣọ̀lẹ. Gbogbo ìyẹn ni kóòṣì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń yára láìsí ìdí, tó ń falẹ̀ láìsí ìdí? Kò sí ohun tí kò nídìí. Ìdí ni kò tíì fojú hàn.

Inú oúnjẹ ló kọ́kọ́ wá ìdí náà lọ.

"Kí lo jẹ lónìí?"

"Ẹ̀wà, mà."

"Lánàá ńkọ́?"

"Ẹ̀wà, mà."

"Lọ́jọ́ Ajé, tó o sáré bí ìjì?"

"Ẹ̀wà ni, mà. Ẹ̀wà ni Màmá mi fẹ́ràn láti máa sè."

Adétutù fa ìlà sórí oúnjẹ. Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ bá sọnù, inú agolo pàápàá ló ń wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí omi fúnra rẹ̀. Bóyá páìpù kan wà nísàlẹ̀ tó ń ti omi sẹ́yìn lójú ọ̀nà kan ju òmíràn lọ. Ó ṣa ewé máńgòrò gbígbẹ márùn-ún, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó wá lóṣòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò wàrà. Àwọn ewé náà kò mira. Ọ̀kan tilẹ̀ rì.

"Mà," ni ẹ̀ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì ké láti ẹnu géètì, "ṣé ẹ̀yin lẹ máa kó ìdọ̀tí yẹn?"

Láńrewájú, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò mọ bí a ṣe ń dákẹ́, bú sẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ìwàlẹwà ò lálèébù kankan. Tó bá ti rí mi báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á di ẹ́ńjìnnì. Ojoojúmọ́ ló ń fi mí sílẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé! Ṣé èmi nìkan ló kórìíra ni?"

"Pa ẹnu ẹ dé, kó o lọ wọ fìlà rẹ," ni Adétutù wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ náà kọ́ ọ létí bí ẹ̀gún. Ojoojúmọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwàlẹwà kò dẹwọ́ fún Láńrewájú rí.

Ó tún ìwé rẹ̀ ṣí. Iye ìṣẹ́jú-àáyá Ìwàlẹwà nìkan ló ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá. Báyìí, ó wo ti ẹni tí wọ́n jọ wà nínú omi. Ní Ọjọ́rú, Julianah ni: Julianah lo méjìdínlógójì, Ìwàlẹwà lo mọ́kàndínlógójì. Ní Ọjọ́bọ̀, Rùkáyà ni, ọmọbìnrin tuntun tó ń ti Ìdó-Ọ̀ṣun wá: Rùkáyà lo mẹ́tàlélógójì, Ìwàlẹwà lo mẹ́rìnlélógójì.

Orí Adétutù wú. Ìṣẹ́jú-àáyá kan lẹ́yìn ẹni tó yára. Ìṣẹ́jú-àáyá kan náà lẹ́yìn ẹni tó falẹ̀. Èyí kì í ṣe àárẹ̀ o. Àárẹ̀ kì í fi tépù wọn ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé, Rùkáyà yìí kan náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìwàlẹwà sì fi í sílẹ̀ bí ìgbà téèyàn fi òpó sílẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀? Adétutù fi bírò gbá ìwé náà títí. Àfi bísíkíìtì. Ní Ọjọ́rú, Rùkáyà gbé bísíkíìtì wá fún gbogbo wọn, ó ní òun pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá lónìí. Gbogbo wọn pariwo, nítorí Rùkáyà kéré, ó rí bíńtín, ojú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń wò ó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Adétutù kò jókòó sórí àga rẹ̀. Ó fi Ìwàlẹwà àti Julianah sínú omi, ó fun fèrè, ó sì ń bá wọn rìn létí púùlù ní ìgbésẹ̀ sí ìgbésẹ̀. Julianah mọ bí a ṣe ń bẹ́; ó kọ́kọ́ ṣáájú. Wọ́n kan ògiri, wọ́n yí padà. Ìwàlẹwà ń bọ̀, ó ń bọ̀, omi ń yà fún un, orí rẹ̀ sì dé ibi àtẹ́lẹsẹ̀ Julianah. Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀, wọ̀ọ̀, bí ọwọ́ ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà àgbà, tó ń kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

Nígbà tó jáde, Adétutù bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ìwàlẹwà, ní ibi okùn aláwọ̀ búlúù yẹn, kí ló ṣe ọ́?"

"Mo ti dé ẹsẹ̀ Àǹtí Julianah ni, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Ọmọ náà wò ó tìyanu-tìyanu, bí ẹni tí wọ́n ń bi pé kí ló dé tí kì í fi bàtà jẹun. "Wọ́n ṣì ń lọ níwájú, mà."

Adétutù dìde. Ẹ̀rín ń pa á, ẹ̀rù sì ń bà á. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àmọ́ ẹ̀ṣọ́ tí ọmọ yìí kó wọ inú omi ń fà á sẹ́yìn. Julianah ni ẹni tó ń di irun fún un. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ojúlé kan náà ni wọ́n ń gbé, òun ló sì kọ́kọ́ gbá a mú kó lè léfòó. Rùkáyà náà sì ti di ẹ̀gbọ́n láti ọjọ́ bísíkíìtì.

Ó pe Julianah sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìwọ mọ̀?"

Julianah ń fún omi lára irun rẹ̀. "Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi, mà."

"O ò sì sọ nǹkan kan?"

"Mà, èmi náà fẹ́ lọ sí Ìbàdàn." Ó gbójú sókè. "Ṣé kí n máa bẹ̀ ẹ́ ni, pé kó jọ̀ọ́, kó wá gba ipò mi?"

Ọmọ tí Adétutù ń kọ́ ni òun náà. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní kó lọ múra.

Kí oòrùn tó wọ̀, Adétutù ti tẹ̀lé Ìwàlẹwà délé. Màmá Ìbíjọkẹ́, ìyá àgbà tó tọ́ ọ, jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ará Ọ̀tan-Ilé ni màmá yìí, ìyá ìjọ ni, orúkọ oríkì ló sì fi ń pe ọmọ náà.

"Àpìkẹ́, kí lo ṣe tí olùkọ́ fi bá ọ wálé?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Màmá," ni Adétutù wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ohun tí kò ṣe ló gbé mi wá." Ó sì rò ó fún un láti orí dé ìdí.

Inú màmá dùn ṣìnkìn. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Ẹ̀kọ́ mi ràn án. Mo sọ fún un pé a kì í gba iwájú àgbà kọjá."

"Màmá, ṣebí bí ọmọdé bá mọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun?"

"Bá àgbà jẹun lòwe wí. Kò wí pé kó ṣáájú àgbà bu òkèlè."

Màmá tún ṣa òkúta méjì kúrò nínú ẹ̀wà. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Ẹni tó bá ṣáájú nínú eré yín yìí, ṣé ó ń fi ẹni tó wà lẹ́yìn ṣẹlẹ́yà ni?"

"Rárá, mà. Ẹni tó wà lẹ́yìn á tún yára sí i nítorí tiẹ̀ ni."

"Hẹ̀n." Ó pe ọmọ náà mọ́ra. "Àpìkẹ́. Nígbà tí mo tó báyìí, ní Ọ̀tan-Ilé, kí oòrùn tó là la ti ń lọ sóko. Bàbá mi á gbé àdá, ìyá mi á ru agbọ̀n. Ta ló ń ṣíwájú?"

"Bàbá yín, mà."

"Irọ́ ni. Èmi ni. Koríko á ti tẹ̀ bo ojú ọ̀nà, ìrì á kún orí ewé bámúbámú. Ọmọdé ló ń ṣíwájú láàárọ̀, kí ìrì lè tán sára tiẹ̀, kí àgbà lè kọjá ní gbígbẹ. Ọmọ tó bá fà sẹ́yìn, tó jẹ́ kí ìrì na bàbá rẹ̀, kí là ń pè é?"

"Ọ̀lẹ, mà."

"Ọ̀lẹ aláìlẹ́kọ̀ọ́!"

Ìwàlẹwà ronú lọ, ó ronú bọ̀. "Ṣùgbọ́n Màmá, inú púùlù ni. Àǹtí Julianah á ti tutù tẹ́lẹ̀."

Ẹ̀rín pa màmá títí tó fi di gèlè rẹ̀ mú. "Ọmọ yìí! Ọlọ́run ló máa dá ọ lóhùn, kì í ṣe èmi." Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Àpìkẹ́, ọmọ Ọwá, ọmọ ẹkùn. Ọmọ ẹkùn rìn, koríko yà. Olúwa tó la Òkun Pupa, la omi Iléṣà fún un. Kó má fi ìwà jìyà, kó má sì tìtorí ìyìn sọ ìwà nù."

"Àmín," ni Adétutù wí. Ṣùgbọ́n bó ti ń lọ sílé, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọ̀rọ̀ ìrì wọ ọmọ náà létí tàbí kò wọ̀ ọ́.

Ní Sátidé, ẹsẹ̀ kò gbèrò létí púùlù ní Iléṣà. Ọmọbìnrin márùn-ún ló gun orí pèpéle tí wọ́n ti ń bẹ́ sómi: Ìwàlẹwà, Julianah, ọ̀kan láti Ẹ̀sà-Òkè, àti méjì láti Iléṣà. Ọ̀kan nínú àwọn ará Iléṣà yìí ń jẹ́ Shalom, apá rẹ̀ gùn bí ọ̀pá. Kí fèrè tó dún, Ìwàlẹwà sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ síwájú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọjá o."

Àwọn èrò rọ́ sẹ́rìn-ín. "Kóòṣì," ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódèyí wí, "ṣé ó ti ń tọrọ gáfárà kó tó fìdí rẹmi ni?"

"Dìde jàre," ni Shalom wí, "bó o bá lè kọjá, máa kọjá!"

Julianah kàn tún fìlà rẹ̀ fà.

Fèrè dún. Julianah bẹ́ jìnnà jù wọ́n lọ. Wọ́n kan ògiri, wọ́n yí padà, Ìwàlẹwà sì ń bọ̀ bó ti máa ń bọ̀, títí orí rẹ̀ fi dé ibi àtẹ́lẹsẹ̀ Julianah. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Adétutù rí i. Ó gbá ọwọ́ jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbá a jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. "Ó tán," ni Adétutù wí sínú.

Lójijì, ọmọ náà gbé orí láti mí, ojú rẹ̀ sì kọjú sí òdìkejì. Ohun tó rí níbẹ̀, Adétutù kò mọ̀. Ó kàn rí i pé omi bú gbàmù, pé fìlà pupa náà kọjá ẹsẹ̀ Julianah, ó kọjá ìbàdí rẹ̀, ó kọjá orí rẹ̀, kò sì dúró mọ́. Ìka ọwọ́ ló fi ṣáájú Shalom kan ògiri. Julianah ṣe ìkẹta.

Adétutù sáré dé etí omi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀. "Kí lo rí níbẹ̀ yẹn?"

Ìwàlẹwà ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Shalom ni, mà. Ó ti fẹ́ kọjá Àǹtí mi, kò sì kúnlẹ̀ fún wọn rárá. Mo ní bó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọjá wọn, kó jẹ́ èmi tí mo kúnlẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣàngódèyí na bírò sí Adétutù kó kọ orúkọ náà sílẹ̀.

Ní òdìkejì, Julianah ti jáde sórí sìmẹ́ńtì, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Ìwàlẹwà lọ bá a, omi ń ro lára rẹ̀ tó-tó-tó, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ má bínú."

Julianah kò yíjú. Adétutù dá bírò dúró, ó ń wò wọ́n. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọbìnrin náà tó nu ojú rẹ̀ nù, kó tó bojú wẹ̀yìn.

"Kí lo ń kúnlẹ̀ síbẹ̀ ṣe? Òtútù ń mú mi. Lọ bá mi mú táwẹ́ẹ̀lì mi wá."

"Ó dáa, mà!" ni Ìwàlẹwà wí, ó sì ti sáré lọ.