Abẹ́ Iná Oríta Ìkẹ́rẹ́

Ọládélé, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló kọ̀wé pé iná tó ń darí ọkọ̀ ni yóò yanjú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ oríta Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n sì gbé iná náà síbẹ̀ lóòótọ́. Láàárọ̀ yìí, takisí tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ há síbẹ̀. Iná ti fún wọn lọ́nà lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ̀ kan ò mira, nítorí abẹ́ iná gan-an ni oníkálukú ti ń já èrò sílẹ̀.

"Uná yẹpẹrẹ!" Ìyá àgbà tó jókòó tì í pòṣé. "Ta ló tiẹ̀ ní kí wọ́n gbé e wá?"

Inú ò bí Ọládélé, ojú ò tì í. Ó kàn ń wo iná bí ẹni tí ara rẹ̀ ti kú.

Nígbà tó kàn wọ́n, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lọ́tùn-ún.

"Ó wà o, dírẹ́bà," Ọládélé wí.

Ọkọ̀ dúró sábẹ́ iná gan-an.